Rédíò Kan fún Ilé Kan

"Jẹ́ ká gbọ́ ohùn ẹ̀ o! Àwa tá a wà lẹ́yìn náà létí!"

Mojírádé fi ọwọ́ òsì di rédíò pupa náà mọ́ orí tábìlì, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún yí irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Irin náà kọ́kọ́ le, lẹ́yìn náà ó rọ̀, ó ń kùn bí ọlọ tó ń lọ ata gbígbẹ. Nígbà tó yí i títí tí kò yí mọ́, ó tẹ bọ́tìnnì, Ohùn, ẹ̀rọ tó ń ròyìn omi fún ìlú, sì bú jáde débi pé àwọn tó wà níwájú fọwọ́ di etí.

"Orí-Òpó. Omi tòòrò. Afẹ́fẹ́ dẹ̀. Kò séwu."

Inú àwọn èrò dùn, wọ́n pàtẹ́wọ́. "Èyí ni rédíò! Kò sẹ́ni tó máa sọ pé òun ò gbọ́!" Bí wọ́n ṣe máa ń yan rédíò nílùú yìí lọ́dọọdún nìyẹn, àfi bí ẹni ń yan àkùkọ, èyí tó bá kọ jù ni wọ́n á gbé relé. Wọn kì í dúró wo bó ṣe ń pẹ́ tó. Ohùn náà ò tíì sọ tiẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kejì tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ó ń rẹlẹ̀, ó sì dákẹ́ pátápátá. Rédíò tó ń pariwo, agbára ló ń jẹ. Mojírádé rí i, ó fi sọ́kàn.

"Arábìnrin, ẹ ti yẹ pupa wò. Ó ku eléérú," ni Ọ̀gbẹ́ni Láṣebìkan wí. Òun ni alákòóso Ilé Ìmúrasílẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í bọ́ ẹ̀wù òjò rẹ̀ kódà nínú ilé. Lókè orí rẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri gàdàgbà: ILÉ KAN, RÉDÍÒ KAN. "Ẹ rántí o. Tí àtàǹpàkò yín bá ti kan èyí tẹ́ ẹ yàn, òun ló di ti ilé yín títí di àmọ́dún. Kò sí pààrọ̀. Kò sí 'mo ṣèèṣì'."

"Mo ti gbọ́, sà."

"Ẹ sì mọ ìyàtọ̀ wọn?"

Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Láti ọdún tí ìkùukùu ti bo oòrùn, tí gbogbo bátìrì ìlú kú bí ẹja inú omi gbígbóná, tí àwọn olówó kó rédíò a-fọwọ́-yí jọ sílé tí ilé àwọn aláìní sì rì láìgbọ́ ìkìlọ̀ kankan, ọmọdé Orí-Òpó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀ mọ ìyàtọ̀ pupa àti eléérú. Pupa ní bọ́tìnnì kan nísàlẹ̀, nínú ihò, kí ọwọ́ má baà ṣèèṣì kàn án. Tó o bá tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ agbanilà tí kò ní atukọ̀ á gbéra láti Òkè Ìsádi, á wá tààrà síbi tí rédíò náà bá wà, á gbé ọ. Ṣùgbọ́n Ohùn nìkan ni pupa ń gbọ́. Eléérú ní tiẹ̀ kò lè pe ẹnikẹ́ni, etí nìkan ló ní. Ó ń gbọ́ Ohùn, ó ń gbọ́ àwọn apẹja, ó ń gbọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ojú òkun, ó tilẹ̀ ń gbọ́ ẹni tó bá ń dá kọrin nínú ọkọ̀. Ẹni tó bá mú pupa, wọ́n á gbọ́ ọ. Ẹni tó bá mú eléérú, òun lá máa gbọ́ wọn. Òfin ò sì gbà kí ilé kan ní méjèèjì.

Ká ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ìyá ọkọ rẹ̀ bá a sọ kó tó jáde nílé ni, Mojírádé ì bá ti mú pupa láìwẹ̀yìn. Màmá ò lè rìn mọ́. Nígbà omi tó kọjá, Ọlábọ̀dé ọmọ rẹ̀ ló pọ̀n ọ́n gun òrùlé, ibẹ̀ ni eegun ìbàdí rẹ̀ ti yẹ̀. Láti ìgbà náà, orí àpótí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló ń jókòó sí, tó ń wo omi bí ẹni ń ṣọ́ olè. Ọlábọ̀dé fúnra rẹ̀ ti lọ sójú òkun láti ìgbà ọyẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ràgàjì kan tó ń wa yanrìn, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Oníyanrìn, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí oníkálukú wọn so ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀ kékeré mọ́ ọrùn.

"Ìyàwó mi," ni Màmá wí láàárọ̀ yẹn, "eléérú ni kó o mú wá o. Mi ò bẹ ọkọ̀ kankan kó wá gbé mi. Ohùn ọmọ mi ni mo fẹ́ máa gbọ́. Tí mo bá ti ń gbọ́ ọ láràárọ̀, omi tó bá wù ú kó dé."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, Màmá."

"Mo ti sọ ọ́."

Wàyí o, kí lèèyàn fẹ́ ṣe sí i? Ìyàwó tó bá mú pupa ti kọ ọ̀rọ̀ sí ìyá ọkọ lẹ́nu. Èyí tó bá mú eléérú, tí omi bá dé, òun nìkan ló máa pọn àgbàlagbà gun òrùlé, ọkọ ò sí nílé, ọkọ̀ ò ní wá. Láti ìgbà tí Mojírádé ti tò sórí ìlà ló ti ń rò ó síwá, rò ó sẹ́yìn, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

Ó fa eléérú sọ́dọ̀. Kò ju búrẹ́dì kékeré lọ, ara rẹ̀ ti họ, kò wu èèyàn wò. Ṣùgbọ́n irin yíyí rẹ̀ gùn, ó sì rọ̀. Ẹni tí oríkèé ń ro pàápàá lè yí i. Ó yí i. Ó tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Ohun tó jáde kọ́kọ́ dà bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù lọ́nà jíjìn.

Ẹnì kan pòṣé lẹ́yìn. "Wọ́n tún pe èyí ní rédíò. Ohùn ẹ̀fọn!"

"Ohùn ẹ̀fọn náà kọ́ ló ń jí ẹ lójú oorun?" ni Bàbá Ṣówándé dá a lóhùn. Bàbá yìí ló tò tẹ̀ lé Mojírádé, aládùúgbò wọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí kò sì sẹ́ni tí ẹnu rẹ̀ dá sí nílùú náà. "Ẹ jẹ́ kọ́mọ ọlọ́mọ gbọ́ràn jàre."

Ọmọ apẹja ni Mojírádé, ó mọ ohun tó ń fetí wá. Láràárọ̀, bí ojúmọ́ bá ti mọ́, àwọn ọkọ̀ ojú òkun á kí ilé. Èyí tó jìnnà jù lọ ló ń bẹ̀rẹ̀, torí òun ni omi àti ìjì kọ́kọ́ ń kàn. Èyí tó tẹ̀ lé e á dá a lóhùn, òun náà á sì kí. Bẹ́ẹ̀ ni ìkíni á ṣe máa bọ̀ títí tá fi dé èbúté. Kò sí òfin tó ní kí wọ́n ṣe é. Ilé ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Ó tẹ etí mọ́ rédíò. Ohùn ọkùnrin kan ló gbọ́ láti inú ọkọ̀ kan tó sún mọ́ ilé, ó ń ké bí ẹni tó ti ń pè tipẹ́.

"Ọlọ́run-Ò-Sùn! Ọlọ́run-Ò-Sùn, ẹ kú ojúmọ́ o! Ìfàrádà ló ń kí yín. A ò tíì gbọ́ yín láàárọ̀ yìí."

Òjò orí páànù nìkan ló dáhùn.

"Ó dáa. Ẹ̀yìn-Ló-Máa-Dùn, ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ kú ojúmọ́ o!"

Ẹ̀yìn-Ló-Máa-Dùn kò sọ nǹkan kan. Ọlọ́run-Ò-Sùn ló jìnnà jù lójú òkun, Ẹ̀yìn-Ló-Máa-Dùn ló tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ tó sì kàn lẹ́yìn àwọn méjèèjì, Ìyá Oníyanrìn ni.

"Ìyá Oníyanrìn," ni ohùn náà wí, ó ti ń gbọ̀n báyìí. "Ẹ̀yin ará Ìyá Oníyanrìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kú..."

Rédíò dákẹ́. Agbára tó yí sínú rẹ̀ ti tán.

Mojírádé gbá irin náà mú, ṣùgbọ́n ọwọ́ Láṣebìkan ti wà lórí rẹ̀. "Ìyí kan lòfin wí. Ìyí kan fún pupa, ìyí kan fún eléérú."

"Ẹ dákun sà, ẹ̀ẹ̀kan péré sí i. Ọkọ mi ló kàn."

"Gbogbo èèyàn ló ní ẹni tó kàn. Ẹ wẹ̀yìn kẹ́ ẹ wo ìlà."

"Ọlọ́run-Ò-Sùn ò kí ilé, sà. Ẹ̀yìn-Ló-Máa-Dùn náà ò kí ilé. Ṣé Ohùn ò gbọ́ ni?"

Láṣebìkan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó mọ nǹkan tí ẹlòmíì ò mọ̀. "Ohùn ń gbọ́ gbogbo wọn. Ìkíni nìkan ni kì í kà. Ẹ̀rọ náà máa ń yọ ọ́ dànù ni. Ẹ̀yin náà ẹ ṣáà mọ̀ wá; ká tó sọ pé ilé ń jó, a ó ti kí bàbá, a ó ti kí ìyá, a ó ti béèrè ọmọ. Àwọn tó kọ́ ọ ní ìkíni ò ní ìròyìn nínú, ariwo ni."

"Tí ẹnikẹ́ni ò bá wá kí ńkọ́?"

"Kí lẹ wí?"

"Tí ọkọ̀ kan ò bá kí mọ́, kí ni Ohùn á rò?"

Ẹ̀rín kúrò lójú Láṣebìkan. "Tí ìròyìn burúkú ò bá sí," ó wí díẹ̀díẹ̀, "omi tòòrò nìyẹn."

Nínú ògiri Ilé Ìmúrasílẹ̀, Ohùn tún sọ tiẹ̀ láìkí ẹnikẹ́ni, bó ti ń ṣe látọjọ́ tí wọ́n ti gbé e síbẹ̀: Orí-Òpó. Omi tòòrò. Kò séwu.

Mojírádé wo rédíò méjèèjì. Tó bá mú eléérú, á yí i títí dé ilé, á mọ̀ bóyá Ọlábọ̀dé dáhùn. Ó wù ú kó gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀. Màmá náà á gbọ́ ọ. Wọ́n á jọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àwọn méjèèjì, wọ́n á máa gbọ́, wọ́n á máa gbọ́, ibẹ̀ ni omi á sì bá wọn. Tó bá sì mú pupa, kò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́ àfi Ohùn tí kò mọ nǹkan kan. Ìsinsìnyí ló sì gbọ́dọ̀ pè é, kí Ohùn tó gbà pé nǹkan ṣe. Ẹni tó bá pè lófo ńkọ́? Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n á wá fa òpó ilé rẹ̀ tu, wọ́n á kó o lọ sí ìyangbẹ ilẹ̀ ẹ̀yìn odi, níbi tí omi kànga ti jẹ́ kìkì iyọ̀.

Ó gbé àtàǹpàkò rẹ̀ lé pupa. Iná kékeré tàn lójú rẹ̀: ó ti di ti ilé wọn. Kó má baà wá ronú lẹ́ẹ̀kejì, ó yí i délẹ̀, ó ki ìka bọ ihò náà, ó tẹ̀ ẹ́.

"Yéè!" Láṣebìkan dìde. "Arábìnrin! Ṣé orí yín pé ṣá? Omi tòòrò lẹ pe ọkọ̀ sí? Wọ́n á fa òpó ilé yín tu!"

"Kí wọ́n wá fà á, sà. Tí wọ́n bá bá òpó níbẹ̀."

Ariwo sọ lórí ìlà. Àwọn kan ń bú u, wọ́n ní ó fẹ́ kó bá ìlú. Obìnrin àgbà kan tó ti gba pupa tirẹ̀, tó ti fi gèlè so ó mọ́ ìdí, ló padà láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹ dákẹ́ ná. Ọmọ yìí, ọkọ̀ wo lo ní kò kí ilé?"

"Ọkọ̀ méjì ni, Màmá. Ọlọ́run-Ò-Sùn àti Ẹ̀yìn-Ló-Máa-Dùn."

"Méjì?" Obìnrin náà ronú díẹ̀. "Èèyàn kì í jí kó má kí ará ilé, àfi tó bá ń bínú tàbí tí ẹnu rẹ̀ ò bá ṣeé là mọ́. Ọkọ̀ méjì ò lè máa bínú láàárọ̀ kan náà." Ó tú gèlè, ó yí rédíò tirẹ̀ délẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tẹ tirẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó lè sọ iye tó tẹ̀ ẹ́ mọ́.

Bàbá Ṣówándé ti dé iwájú tábìlì. "Ẹ̀fọn ni kẹ́ ẹ fún mi," ó wí fún Láṣebìkan, ó sì ti gbé àtàǹpàkò lé eléérú kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ó yíjú sí Mojírádé. "Èmi ní ọkọ̀ tí mo fọwọ́ ara mi kàn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ wá gbé mi, n kò sì retí ẹ̀. Sáré lọ bá ìyá ọkọ ẹ. Màá máa bá ẹ gbọ́ ọ."

Ó sáré. Afárá pákó ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, pupa ń gbá a nígbàáyà. Àárín ọ̀nà ló ti ṣàkíyèsí pé òun ò gbọ́ ìró omi mọ́. Ó wolẹ̀. Omi ti fà lọ. Ìdí òpó ilé tí ojú ò rí láti ọdún mọ́dún yọ síta, dúdú, ìkarahun lẹ̀ mọ́ ọn, ẹja ń jàgbọ̀n nínú ẹrẹ̀. Àwọn kan ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣa ẹja náà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Ọlọ́run ló pèsè.

"Ẹ gòkè!" ni Mojírádé ń ké, "ẹ gòkè o, omi tó fà ń padà bọ̀ ni!" Kò dúró wò bóyá wọ́n gbọ́.

Orí àpótí rẹ̀ ni Màmá wà. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ sára rédíò, kò tilẹ̀ wo ojú ìyàwó ọmọ rẹ̀. "Pupa," ó wí. "Mo ní eléérú, o mú pupa."

"Ẹ má bínú, Màmá. Ọkọ̀ ń bọ̀, mo ti pè é."

"Ta ló rán ẹ? Mo ní ta ló rán ẹ níṣẹ́?" Àgbàlagbà náà di etí àpótí mú. "Ṣé o gbọ́ ọmọ mi?"

Irọ́ rọrùn pa. Mojírádé ti gbé e dé ahọ́n, kò lè sọ ọ́ jáde. "Kò tíì kàn án nígbà tí rédíò dákẹ́."

Màmá yíjú sí fèrèsé. Ìgbà náà ni ọkọ̀ agbanilà dé ẹnu ọ̀nà, ó gùn, ó funfun, kò sẹ́ni nínú rẹ̀, ó ń fi táyà rẹ̀ rìn nínú ẹrẹ̀ bí alákàn. "Fi àtàǹpàkò hàn," ni ọkọ̀ náà wí. Òun náà ò mọ ìkíni. Mojírádé fi àtàǹpàkò hàn, ó bẹ̀rẹ̀, ó ní kí Màmá gun òun lẹ́yìn.

"N kò lọ."

"Màmá!"

"Tó bá kí mi tí n kò sí nílé ńkọ́?"

"Tó bá kí yín tí ẹ ti kú ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kò sì ṣeé kó mọ́. Ìyàwó kì í bá ìyá ọkọ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láéláé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, nítorí ìkúnlẹ̀ nìkan kò tó mọ́. "Ẹ nà mí tá a bá dé òkè. Ẹ lé mi jáde nílé ọmọ yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n lè sọ fún un pé mo gbé ìyá rẹ̀ kúrò nínú omi. Ẹ gbà mí, Màmá."

Àgbàlagbà náà wò ó nílẹ̀. Ó na apá rẹ̀ méjèèjì síwájú bí ọmọ tó fẹ́ kí wọ́n gbé òun, Mojírádé sì pọ̀n ọ́n wọ inú ọkọ̀.

Wọn ò tíì débi ìkòríta afárá tí wọ́n fi gbọ́ ọ. Kì í ṣe ìró omi, ìró pákó tó ń ṣẹ́ ni, ó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ìlú, òpó kan tẹ̀ lé òmíràn. Omi wá dé, ó ga, ó dúdú, ó gbé òrùlé lérí. Ó gbé ọkọ̀ agbanilà sókè, ọkọ̀ náà ká táyà rẹ̀ sínú, ó ń sáré níwájú rẹ̀. Mojírádé fi ara bo Màmá. Nínú ògiri àwọn ilé tí wọ́n ń kọjá lára wọn, Ohùn ṣì ń sọ̀rọ̀, omi tòòrò, omi tòòrò, títí tí omi fi wọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Nígbà tí wọ́n dé Òkè Ìsádi, àwọn ọkọ̀ funfun tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ. Láṣebìkan wà lára àwọn tó ń fa èèyàn gòkè, ó ti bọ́ ẹ̀wù òjò rẹ̀, ó fi bo ọmọ ọlọ́mọ. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba òpó. Kò sí òpó tí wọ́n á fà tu. Omi lọ, omi bọ̀, ó sì wá rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Oòrùn tí wọn kì í rí gun àárín sánmà lẹ́yìn ìkùukùu. Ìgbà yẹn gan-an, bí Mojírádé ti tún pupa ọwọ́ rẹ̀ yí, ló tó bú jáde lójijì, gbogbo òkè sì gbọ́ ọ: "Orí-Òpó. Omi ń bọ̀. Ẹ múra sílẹ̀."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì bú sẹ́kún.

Màmá ò tíì bá Mojírádé sọ̀rọ̀. Ó jókòó sórí òkúta níbi tí wọ́n gbé e sí, ó kẹ̀yìn sí i. Bàbá Ṣówándé ló wá bá wọn, ara rẹ̀ tutù láti òkè délẹ̀, ó fi eléérú sínú ẹ̀wù. Ọkọ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn wà létí omi nísàlẹ̀, kò ní ju ìfarapa díẹ̀ lọ.

"Ìyá Ọlábọ̀dé, ẹ kú ewu."

"Ewu ò tíì tán, Bàbá Ṣówándé. Kí lẹ gbọ́?"

"Ìfàrádà ṣì ń pè wọ́n. Kò tíì sinmi látàárọ̀." Ó gbé àtàǹpàkò lé rédíò, iná rẹ̀ tàn. "Àtàǹpàkò ló ń ṣí i, wọn ò sọ pé ẹlòmíì ò lè yí i. Ẹ gbà."

Màmá gba irin yíyí náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i, kò yára, kò sì dúró. Òjò orí páànù jáde, ohùn Ìfàrádà sì wà nínú rẹ̀, ó ti ha.

"Ìyá Oníyanrìn, ẹ kú ojúmọ́ o."

Ọ̀sán ti dé tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọn ò tíì dá lóhùn kì í yí ìkíni padà. Ojúmọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀, ojúmọ́ lá fi parí rẹ̀. Ó tún pè. Màmá ń yí i. Ọwọ́ ń dùn ún, Mojírádé rí i bó ṣe ń fún eyín pọ̀, ó na ọwọ́ láti gbà á, Màmá gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù.

"Ìyá Oníyanrìn, ẹ kú ojúmọ́ o."

Wọ́n dúró. Àwọn tó wà nítòsí ti ṣí sọ́dọ̀ wọn, kò sẹ́ni tó ní kí ohùn rédíò náà ròkè sí i. Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n fetí sí i.

"Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé."

Màmá mọ̀ ọ́n kó tó dárúkọ. Igbe tó ké kì í ṣe igbe àgbàlagbà.

"Ìyá Oníyanrìn ti rì," ni ohùn náà wí, ó jìnnà, òtútù ń mú un. "Ọlábọ̀dé ni. Àwa tó kù so ara wa mọ́ agbá. Ilé iná àtijọ́ là ń wò lápá ọ̀tún. Ẹ má bínú pé ìkíni pẹ́. Ẹ bá mi kí ìyá mi. Ẹ bá mi kí ìyàwó mi o."

Mojírádé jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́sẹ̀ kan náà ló tún dìde. Ó mọ ilé iná àtijọ́; láti kékeré ni òun àti bàbá rẹ̀ ti ń pẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ọkọ̀ funfun ò lè wá ẹni tí kò ní pupa lọ́wọ́. Ibi tí pupa bá wà ló ń lọ, kò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ó wo pupa tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo eléérú tó wà lọ́wọ́ Màmá, ó wo Bàbá Ṣówándé.

Bàbá náà ti ń ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè. "Mo ti ń retí ìgbà tó o máa rò ó débẹ̀," ó wí. "Ọkọ̀ mi á gbé wa lọ; rédíò tèmi á máa gbọ́ ibi tó wà, tìrẹ á pe ọkọ̀ funfun síbẹ̀. Ilé kan, rédíò kan. A ò rú òfin ẹnikẹ́ni."

Ó ku kí Màmá fi irin náà sílẹ̀. Ó yí i lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá ọmọ náà tún máa sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé eléérú fún Bàbá Ṣówándé, ó sì fa Mojírádé mọ́ra ní ọrùn ẹ̀wù. Ojú rẹ̀ tutù fún omijé. Ó wò ó lójú, ohun tí kò tíì ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti gòkè.

"Ìyàwó mi," ó wí, "tó o bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bá mi bi í pé ojúmọ́ wo ló ń kí mi. Ọ̀sán ti pọ́n."